Ọwọ́ Tí Mo Ń Fọ̀ Kí N Tó Pa Ẹran

Abà Olókè, lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì.

Sí Mùkàrámà ọmọ mi, ọmọ Nímọ́tà, ìyá Nimotou kékeré,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú ilé àti nínú ọjà, nínú gbákà, bọ́ọ̀sì kékeré ìlú yín, àti lójú títì. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara Kader ọkọ rẹ le? Ọmọ ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, ṣé ó ti ń rẹ́rìn-ín sí ògiri bí ìwọ náà ṣe máa ń ṣe nígbà tí o wà ní ìkókó, tí ìyá rẹ á ní kí n wá wo ẹni tí o rí níbẹ̀? Ọlọ́run yóò dá a sí fún wa. Wàá jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ogbó, kò ní gbẹ́yìn rẹ sunkún ní kékeré. Èmi náà wà, orúnkún mi nìkan ni kò sí, ó ti lọ síbi tí orúnkún àwọn ẹgbẹ́ mi ṣáájú rẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé wàá bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù tí Kader rà fún un ṣì ń ṣiṣẹ́. Fóònù náà wà, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí o bá fi ohùn rẹ ránṣẹ́ sínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa ń gbọ́ ọ, nítorí mo rò pé bí mo bá ń gbọ́ ọ léraléra, á máa dínkù lọ́fun rẹ lọ́hùn-ún. Wọ́n sọ fún mi ní mọ́sálásí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ há díẹ̀ lóṣù tó kọjá, n kò sì fẹ́ fi ọmọ mi dán nǹkan wò. Àti pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí gùn, ó sì wúwo, n kò mọ bí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ yóò ṣe gbé e. Awakọ̀ ọkọ̀ Abidjan tó ń gbéra ní Sátidé ni yóò bá mi mú un wá. Bí Yorùbá mi bá le jù fún ọ, nítorí ìwé Faransé ni wọ́n fi tọ́ ọ nílé ẹ̀gbọ́n mi ní Adjamé ní Abidjan, máa kà á sókè díẹ̀díẹ̀. Etí rẹ gbọ́ Yorùbá ju ojú rẹ lọ.

Ìròyìn ilé kò pọ̀. Òjò kò tíì rọ̀. Kànga mọ́sálásí ti fà sẹ́yìn, okùn méjì ni a ń so pọ̀ kó tó kan omi. Àwọn àdán ṣì wà lórí ìrókò tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, wọ́n so rọ̀ bí aṣọ tí ẹnikẹ́ni kò ká, bí oòrùn bá sì ti fẹ́ wọ̀, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run á máa mì. Bí o bá rí i pé kálàmù mi dúró níbì kan nínú lẹ́tà yìí, tí mo tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì tó dúdú jù, àwọn ni mo ń wò.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí a ti já ara wa jù sílẹ̀. Ìwọ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú tèmi rí yàtọ̀.

Nígbà tí o bímọ ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, tí o ní Nimotou ni ẹ ó sọ ọ́, orúkọ ìyá rẹ, mo sunkún lábẹ́ igi káṣú níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí mi. Mo ní n kò lè lọ lọ́wọ́ òfo. Mo kó ọ̀yà mẹ́ta sínú àpò, ọ̀yà tí èmi fúnra mi dúńbú, tí Ayọ̀délé ọdẹ sì yan lórí iná ọjọ́ méjì. Ọ̀kan kò gbẹ tán. Nígbà tí a fi máa dé Lomé, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì bi mí bóyá ara mi yá. Ní bodè, wọ́n ní kí n mú káàdì yẹ́lò wá, ìyẹn ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n wo káàdì, wọ́n wo ojú mi, wọ́n tún wo káàdì. Kò sí ẹni tó wo àpò tó wà lórí itan mi. Mo rò nínú ara mi pé ayé ti dára, èèyàn nìkan ni wọ́n ń fura sí.

Mo dé ilé rẹ ní Williamsville ní ọ̀sán. O jáde, o kúnlẹ̀, inú mi dùn. Lẹ́yìn náà o ní kí n jọ̀ọ́ kí n fi àpò sílẹ̀ níta, kí n fọwọ́, kí n tó gbé ọmọ. Mo ní ọwọ́ wo? Mo ní ọwọ́ tí mo fi ń kírun? Mo ní àlùwàlá tí mo ṣe ní Ghana ṣì wà lára mi, n kò bà á jẹ́. O ní Bàbá mi, kì í ṣe àlùwàlá ni mò ń sọ, ọṣẹ ni. Gbogbo àwọn tó wà lágbàlá rẹ́rìn-ín. Wọn kò ní nǹkan búburú lọ́kàn, mo mọ̀ ọ́n báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹ̀rín náà wọ inú bàtà mi, gbogbo ibi tí mo bá tẹ̀ ni mo ń gbọ́ ọ.

Mo fọwọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń fọ ọwọ́ ẹlòmíì ni mo ṣe fọ̀ ọ́. Nígbà tí o gbé ọmọ wá, mo ní orúnkún ń dùn mí, kí o gbé e padà. Orúnkún kọ́.

Kader kó àwọn ọ̀yà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó da jáfẹ́ẹ̀lì, omi olóòórùn líle tí ẹ fi ń pa kòkòrò àìsàn, lé wọn lórí, ó sì sin wọ́n. Mo dúró níbẹ̀ títí ó fi parí. N kò rí ohun tó kú lẹ́ẹ̀mejì rí, àfi àwọn ọ̀yà mi.

Ní ọjọ́ kejì o ní kí n wá wo ibi iṣẹ́ rẹ. Gbákà gbé wa lọ sí ọjà Abobo, ọmọ ọkọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń pariwo bíi pé ilé ló ń jó. O wọ gilé rẹ, ẹ̀wù aláìlápá aláwọ̀ ọsàn, bàtà òjò, ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ búlúù, o sì ń lọ láti tábìlì dé tábìlì níbi tí àwọn ìyá ti ń ta ẹran ìgbẹ́, o ń fi èdè Jùlá sọ fún wọn kí wọ́n má ṣe kó èyí tó tutù mọ́ èyí tó gbẹ, kí wọ́n má fi ọ̀bẹ ẹran gé ọsàn, kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ní ojú egbò má ṣe fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀. Mo bi Kader pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó oṣù fún ọ kí o máa sọ fún àgbàlagbà pé kí wọ́n fọwọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ìyá mi ṣe iṣẹ́ yìí fún ogún ọdún lórí mi, kò gba kọ́bọ̀.

Ìyá kan tó sanra dáadáa wà níbẹ̀ tó ń pè ọ́ ní Tàńtí Jáfẹ́ẹ̀lì. Kader ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Obìnrin náà ní ìyá òun ta ẹran lórí tábìlì yìí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lórí rẹ̀, ó sì lo àádọ́rùn-ún ọdún láyé, kí ni ìwọ ọmọ àná fẹ́ kọ́ òun. O ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, àwọn tí kò lo àádọ́rùn-ún ọdún kò sí níbí kí wọ́n wá bá wa jiyàn. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín, ìyá náà fi ìdí gbá ọ, ó ní ahọ́n rẹ yìí náà ni kí o fi jáfẹ́ẹ̀lì fọ̀, ó sì mú aṣọ ìnuǹkan, ó nu tábìlì. Inú mi dùn sí ọ, ó sì tún dùn mí. N kò mọ̀ pé ohun méjì bẹ́ẹ̀ lè jọ wọ inú àyà kan.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Kader fi wôrô-wôrô, takisí èrò yín, gbé mi lọ sí Plateau láàrin ìlú kí n lè rí àwọn ilé gíga. Ilé kọ́ ni mo rí. Àdán ni mo rí. Wọ́n tú jáde lára àwọn igi láàrin àwọn ilé onígíláàsì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, bí èéfín tó mọ ọ̀nà, wọ́n gba orí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ kọjá, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè. Èmi nìkan ni mo dúró. Mo sọ fún Kader pé mo mọ̀ wọ́n. Ó ní báwo? Mo ní tiwa ni, ti ẹ̀yìn mọ́sálásí Abà Olókè ni, wọ́n máa ń fi wá sílẹ̀ nígbà òjò, n kò sì tíì mọ ibi tí wọ́n ń lọ títí di òní. Ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà délé, tí ọkọ̀ já mi sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lójú ọ̀nà, àwọn ni mo kọ́kọ́ rí lórí ìrókò. Wọ́n ti ṣáájú mi dé. Kò sí ẹni tó béèrè káàdì yẹ́lò lọ́wọ́ wọn.

Mo ti fo ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíì ló pa àgbò, ó wọ ìbọ̀wọ́ bíi dókítà. Láti ogójì ọdún, kò sí àgbò ìdílé wa tí kì í ṣe ọwọ́ mi ló dúńbú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní ilé ń pè mí. N kò gbé Nimotou, mo kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde lábẹ́ aṣọ, mo sì lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo délé ni àwọn ọmọ yunifásítì kan wá sí abà. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Rufaidah ni olórí wọn, ó bo orí, ó wọ bàtà òjò bíi tìrẹ, ìyẹn ni mo fi kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ àwọn àìsàn tó ń ti ara ẹranko bọ́ sí ara èèyàn. Wọ́n na àwọ̀n sí abẹ́ ìrókò, wọ́n mú àdán, wọ́n so nǹkan kékeré kan mọ́ ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà, mẹ́rìnlélógójì. Èmi tí mo ti ń wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ láti ọdún méjì, tí wọ́n ní ìka mi kò hàn dáadáa, àdán gba tirẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọ́n ní fóònù Rufaidah yóò máa fi ibi tó wà hàn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀ kí èmi náà lè máa pè é. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní Bàbá, kì í sọ̀rọ̀, ó kàn máa ń sọ ibi tó wà ni. Mo ní ìyẹn náà ju ohun tí ọmọ mi ń ṣe lọ. Dárí jì mí, inú ṣì ń bí mi nígbà náà.

Wọ́n ní fọ́ọ̀mù kan. Ìbéèrè kan níbẹ̀ ni pé ẹranko mélòó ni mò ń bá gbé. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ kan, nítorí n kò fẹ́ purọ́ fún ìwé. Mo ka adìyẹ mẹ́fà, ewúrẹ́ méjì, ọmọ-ń-lé méje, alángbá mọ́kàndínlógún, ìyẹn àwọn tó dúró kí n kà wọ́n, àti ilé agbọ́n kan lábẹ́ òrùlé tí mo kọ sílẹ̀ bí ìdílé kan. Eku kò gbà fún mi rárá, mo kọ pé Ọlọ́run ló mọ̀. Rufaidah kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú gbogbo rẹ̀, ti ìsàlẹ̀ yẹn ni òun ì bá fẹ́ mọ̀ jù.

Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e ni pé ta ló ń dúńbú ẹran ìgbẹ́ ní abà yìí. Mo nawọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Mo ní èmi ni. Mo ní bí Ayọ̀délé bá mú ẹran láàyè nínú pàkúté, Mùsùlùmí kò lè jẹ ẹ́ àfi bí mo bá fi orúkọ Ọlọ́run pa á, mo sì ti ṣe é fún ogójì ọdún, mo ní kí wọ́n kọ ogójì ọdún náà ní nọ́ńbà àti ní lẹ́tà. Mo rò pé ìwé owó àwọn tó ti sin ìlú pẹ́ ni. Wọ́n kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n na apá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi sínú ìgò kékeré. Wọ́n kó o sínú kúlà kan náà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àdán, wọ́n pa á dé, wọ́n gbé wa lọ. Mo dúró lójú ọ̀nà, mo ń wo ọkọ̀ náà, ó dà bíi pé mo ń dágbére fún ara mi.

Mùkàrámà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi retí owó.

Nígbà tí Rufaidah padà dé, kò jókòó sórí àga, orí ẹní ló jókòó sí, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe owó. Ó ní Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín rántí àìsàn kan. Mo ní kí ló fẹ́ fi ìyẹn sọ. Ó ní bí àìsàn bá gba inú ara kọjá, ó máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, bí ẹranko ṣe ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ lójú amọ̀. Amọ̀ á gbẹ, ẹranko á ti lọ tipẹ́, ẹsẹ̀ á ṣì wà. Ó ní ibà burúkú kan ni, ara ẹranko ìgbẹ́ ló ti ń wá, ẹ̀jẹ̀ wọn àti ìtọ̀ wọn ló ń gbé e, bó bá sì ti mú ẹnì kan nínú ilé, ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ ló máa ń mú tẹ̀ lé e. Ó ní n kò ní in mọ́, kí n má bẹ̀rù. Ó bi mí bóyá mo rántí ìgbà kan tí ibà dá mi wó gan-an, tí ẹlòmíì nínú ilé sì ṣàìsàn.

Mo ní rárá. Mo sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn.

Ó lọ síbi ìrókò. Èmi jókòó. Ẹ̀jẹ̀ mi ti rántí, ó wá ku èmi.

Nígbà náà, o ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn sí ẹ̀yìn balùwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ni. Ibà mú mi, ojú mi pọ́n, n kò lè gbé omi mì. Ìyá rẹ ló ń nù mí lára, ló ń gbọn èébì mi dà nù, ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ ẹ̀kọ mi wò bóyá ó gbóná jù. Ní ọjọ́ kẹsàn-án mo dìde, mo jẹun. Ní ọjọ́ tí mo dìde ni òun dùbúlẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún. O rántí pé a kò jẹ́ kí o wọlé, ojú fèrèsé ni o ti ń pè é. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ ni mo fi ọ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ní Adjamé, nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọbìnrin.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo rò pé mo mọ ẹni tó pa á. Ìyàwó àbúrò mi ni mo fura sí, nítorí ó bá ìyá rẹ jà lórí omi kànga ní ọ̀sẹ̀ náà, ó sì ní yóò rí i. N kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Bó bá kí mi, mo máa ń wo igi.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tí mo máa ń ṣe. Bí Ayọ̀délé bá pè mí pé ẹran wà láàyè, mo máa ń kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá. Mo máa ń fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, mo máa ń yọ ẹnu, mo máa ń fọ ẹsẹ̀, torí pé orúkọ Ọlọ́run ni mo fẹ́ pè, n kò fẹ́ fi ọwọ́ ìdọ̀tí pè é. Lẹ́yìn náà ni mo dúńbú. Lẹ́yìn tí mo bá dúńbú, mo máa ń fi ewé nu ọ̀bẹ, mo máa ń fi ewé kan náà nu ọwọ́, ó tán. Lójú tèmi, ẹ̀jẹ̀ tí a fi bísímílà tú sílẹ̀ kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ogójì ọdún ni mo ti ń fọwọ́ ṣáájú, n kò fọ̀ ọ́ lẹ́yìn rí. Ọrùn ẹran ni wọ́n sì máa ń fún mi, ìyẹn ni ẹ̀tọ́ ẹni tó dúńbú. Mo máa ń gbé e wálé ní tútù, nínú àpò agbádá. Ìyá rẹ á fi ọwọ́ lásán gbà á, á máa rẹ́rìn-ín, á ní ọkọ àwọn ẹlòmíì ń mú aṣọ wálé, ọkọ tòun ń mú ọrùn wálé.

Mo lọ bá Rufaidah lábẹ́ ìrókò. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo bi í pé ṣé èmi ni. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í kọ ọjọ́ sílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹran, ó lè jẹ́ eku inú àká, ó lè máà jẹ́ ibà yẹn rárá ló pa ìyá rẹ, kò sì sí ẹni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́. Mo wo òkè, mo ní ṣé kí a gé igi yìí kí àwọn àdán lọ, nítorí mo fẹ́ gé nǹkan kan. Ó ní kí a má gé e, bí a bá dà wọ́n láàmú ni wọ́n á túbọ̀ wọ inú ilé. Ó ní àdán kò jẹ̀bi ohun tó bá ń gbé, kò mọ̀ pé òun ń gbé e, ara tirẹ̀ kì í sì í ṣàìsàn. Nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀, mo wo ọwọ́ mi.

Ìwọ mọ̀ pé mo ti kàwé, ti kéwú àti ti Yorùbá, débi tí ojú mi fi ṣú. Gbogbo wọn ló sọ pé a ti kọ ọjọ́ ikú kí a tó bí èèyàn. Mo gbà á, mo ṣì gbà á. Ṣùgbọ́n mo máa ń bi ara mi báyìí pé bí a bá ti kọ ọjọ́ náà, ṣé a kọ ọwọ́ mọ́ ọn? N kò rí i nínú ìwé kankan. Bí o bá rí i ní tìrẹ, kọ ọ́ sí mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyí. Èmi kò sọ pé mo pa ìyá rẹ. Èmi kò sì lè sọ pé n kò pa á. Mo kàn rò pé láti ọwọ́ mi ló yẹ kí o ti gbọ́ ọ, nítorí ìwọ ló dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ọṣẹ, ẹnikẹ́ni kò sì bá wa dúró bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú. Má kàn jẹ́ kí ó pẹ́ tó tèmi.

Mo ti kọjá lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò mi ní ọjọ́ Àjé. Mo ní mo wá kí i. Ó wò mí, ó ní ṣé kò sí o. Mo ní kò sí. Ó bu ẹ̀kọ fún mi, mo mu ún tán, mo tún ní kó bù sí i. Ó kàn ń ṣàn àwo tó ti mọ́.

Àwọn àdán ti lọ jẹun báyìí. Mo ti tan fìtílà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá Ayọ̀délé mú ọ̀yà kan wá láàyè, ó ní Àáfà, ẹ wá bá wa ṣe é. Mo ṣe àlùwàlá, mo dúńbú. Lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n bu omi àti ọṣẹ wá. Wọ́n ní fún kí ni? Mo fọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta, bíi pé mo fẹ́ kírun mìíràn, mo ní kí Ayọ̀délé náà fọ̀, òun tí kì í kírun rárá. Ó ní ṣé Àáfà ti fẹ́ sọ òun di Mùsùlùmí ni. Mo ní kì í ṣe àlùwàlá ni mò ń sọ, ọṣẹ ni. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ni mo gbọ́ lágbàlá rẹ, ṣùgbọ́n kò wọ bàtà mi lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n gé ọrùn fún mi, mo ní n kò gbà. Ẹnu ya Ayọ̀délé, ó rò pé mo ń bínú, ó fi itan kan kún un. Mo ní kó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sílé, kó sè é dáadáa, kí ìyàwó rẹ̀ má fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Mo ní n kò ní ẹni tí n ó gbé ọrùn fún mọ́.

Mẹ́rìnlélógójì ti lọ. Rufaidah pè mí, ó ní ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fò lọ sí apá ibi tí oòrùn ń wọ̀, lẹ́yìn náà fóònù kò rí i mọ́. Ó ní bóyá bátìrì ló tán, bóyá ẹnì kan ti jẹ ẹ́. Èmi mọ ibi tó lọ. Bí o bá gba Plateau kọjá ní ìrọ̀lẹ́, gbójú sókè díẹ̀, má jẹ́ kó kọjá láìsí ẹni tó kí i. Sọ fún ìyá tó sanra náà ní Abobo pé bí wọ́n bá gbé àdán tó gbé nǹkan sẹ́yìn wá sórí tábìlì rẹ̀, kó má fọwọ́ kàn án, kó pè ọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, má bínú, bàbá kì í kọ lẹ́tà kó má béèrè nǹkan, wọ́n á ní kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Mo fẹ́ páálí ìbọ̀wọ́ méjì, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ayọ̀délé àti ìyàwó rẹ̀. Mo fẹ́ garawa tó ní ẹ̀rọ omi lẹ́nu, irú èyí tó wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ, a ó gbé e síbi tí a ti ń pa ẹran. Mo fẹ́ ọṣẹ, kó má jẹ́ olóòórùn dídùn, kí àwọn ọdẹ má bàa sá fún un. Àti owó ọkọ̀ ẹnì kan, ní àlọ nìkan ná, àbọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ, bí o bá fẹ́ kí n pẹ́ tàbí kí n má pẹ́.

Àwòrán Nimotou tí o fi ránṣẹ́ wà nínú fóònù. Mo máa ń fọwọ́ kí n tó fi ìka kàn án. Mo mọ̀ pé gíláàsì ni.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ nínú ọjà tí o ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó ń ti inú igbó bọ̀ tí ojú kò rí, kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àwọn tí o ń kìlọ̀ fún yóò pẹ́ láyé débi tí wọ́n á fi máa bá ọ jiyàn. Nimotou yóò gba orúkọ ìyá rẹ, yóò sì gba ọjọ́ orí tí ìyá rẹ kò gbà kún tirẹ̀.

Bí mo bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, n ó pe Kader. Gbé omi àti ọṣẹ sí ẹnu ọ̀nà, má sọ nǹkan kan fún mi. N ó dúró síta, n ó fọwọ́ fúnra mi, dé ìgbọ̀nwọ́, bó ti wù kó pẹ́ tó, kí àwọn ará àgbàlá máa wò mí. Lẹ́yìn náà kí o gbé Nimotou lé mi lọ́wọ́. N kò ní gbé àpò wá lọ́tẹ̀ yìí. Ọwọ́ méjèèjì nìkan ni n ó gbé dání.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àrìmíyàù.